Àwòrán Aláìlójú Tí Mò Ń Fi Sílẹ̀ fún Hameedat

Alága ìjókòó òní, Olóyè Jímọ̀, ẹ̀yin tí ìdílé yín yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù àwòrán wa dúró lé lórí ní Lakowe níbí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìmáámù wa, ẹ̀yin tí ẹ fi àdúrà ṣí ètò yìí, kí ohùn yín má ṣe kú. Màmá Àgbà, ìyá Olóyè, mo rí i pé wọ́n ti gbé àga yín sún mọ́ fáànù, ẹ kú ìjókòó, mà. Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Ìsìmáílà, ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́, mo júbà. Ìyá tó bí mi, tó ti Eleko gun bọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ọ̀nà. Bọ̀dá Fàtíù, Bàlíkísù, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ dúró níta nítorí àga ò tó, ẹ má bínú, iwájú lẹ ó máa wà. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé nítorí mo mọ ara mi. Bí ẹ̀rù bá ti ba èmi Azeezat, ẹnu mi a máa sáré ju ọpọlọ mi lọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí lónìí.

Ní Ọjọ́bọ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, mò ń lọ sí Jíddà. Fuad, ọkọ mi, ti wà níbẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ fún ilé ìwòsàn kan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbà mí, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Ọdún méjì ni àdéhùn iṣẹ́ náà. Físà tí wọ́n fún mi kò gba ọmọ, Hameedat ọmọ mi ò sì tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Eleko ni yóò wà. Ẹ̀yin abiyamọ tó wà níbí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń rántí? Ta nínú wa ló rántí nǹkan kan nígbà tó wà ní ọjọ́ orí yẹn? Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú ló ń dẹ́rù bà mí, kì í ṣe oòrùn Jíddà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé n ó padà dé, ọmọ mi yóò sá sẹ́yìn ìyá mi, yóò yọ orí, yóò ní, "Màmá, ta nìyí?"

Ẹ ó ní fóònù wà. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé, aládùúgbò mi ní Awoyaya, ló ń bá àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun tọ́mọ. Ojoojúmọ́ ni ìyá ọmọ náà ń fi fídíò pè é. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì wọ́n, ìpè wọlé, ọmọ náà sì pariwo pé, "Àǹtí inú fóònù ti ń pè o!" Ìyá rẹ̀ ni o! Ó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú yẹn nìkan ló sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibí yìí. Òjò ló lé mi wọlé. Mo ti parí girama, èsì wáẹ̀kì mi wà nínú báàgì, oyún Hameedat wà lára mi, mi ò sì níṣẹ́. Mo sá sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí àwòrán kan lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan ń dín àkàrà, ó tẹ̀ sápá kan, ó fi ọwọ́ òsì di etí ìró mú bí ẹni tí ìró rẹ̀ fẹ́ já. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ojú àti imú wà, ó ń dán lásán bí ẹ̀yìn abọ́.

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Ta ló pa ojú Ìyá Sùlè rẹ́?"

Bọ̀dá Fàtíù bú sẹ́rìn-ín títí ó fi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé Ìyá Sùlè ni?"

"Àdúgbò wa ló ti ń dín àkàrà, sà. Bó ṣe máa ń dìró mú nìyẹn."

"Kí lo wá fẹ́ fi ojú ṣe?"

Èmi náà ò gbà. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ojú kọ́ lọ̀rọ̀ wà ni?"

Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ló ni ojú. Mi ò lè fún un ní èémí, mi ò sì ní bá Ọlọ́run du iṣẹ́ Rẹ̀. Ìyókù ara ni mo tọrọ." Wọ́n wá wo ikùn mi, wọ́n ní, "Jókòó. Òjò yìí ò ní í dá bọ̀rọ̀."

Mo jókòó títí di òní. Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀gá, èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣípá nígbà yẹn tí ẹ fi gbé mi.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Àwòrán kan kì í jáde láìjẹ́ pé a tú aṣọ lórí rẹ̀. A ó fi aṣọ bò ó, a ó pe ẹnì kan wá láti ilé ẹni tí a yà, a ò ní sọ nǹkan kan fún un. Bí aṣọ bá ṣí tó sì mọ ẹni náà, iṣẹ́ parí. Bó bá ní, "Ta nìyí?", a ó tún un yà. Ẹni tí a yà kọ́ ló sì ń kọ́kọ́ rí i, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn.

Alága, ẹ forí jì mí, n ó sọ ti bàbá yín olóògbé. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n jẹ oyè ni ẹ kó wá fún wa. Àwa náà sì ṣe é bí iṣẹ́: agbádá, iyùn, ọ̀pá àṣẹ. Èmi ni mo ya agbádá yẹn, inú mi sì ń dùn sí i. A tú aṣọ níwájú Màmá Àgbà. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olóyè ibo nìyí?"

A ní, "Ọkọ yín ni, Màmá."

"Ọkọ mi wo? Agbádá tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń bú mi títí a fi délé pé ó ń há òun lọ́rùn?"

Ìtìjú bá wa. A padà lọ béèrè lọ́wọ́ wọn, a tún bẹ̀rẹ̀: síńgílẹ́ẹ̀tì, rédíò lórí ikùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún tí Bàbá nà sórí àpótí nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ tí a tún tú aṣọ, Màmá kò tilẹ̀ wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ní, "Bàbá Jímọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, mo fẹ́ kọjá." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá, mo rí i pé ẹ ń mi orí. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí yé mi.

Bàlíkísù, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo fara da ìpayà mi jù. Ìgbà mélòó ni mo fi ọ̀dà tútù sílẹ̀, tí mo sáré lọ gbé ọwọ́ síwájú imú ọmọ tó ń sùn? Ìwọ a ní, "Ìyá Hameedat, oorun ló ń sùn o, fi í lọ́rùn sílẹ̀." Ọmọ mi sín lẹ́ẹ̀kan, mo ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bọ̀dá Fàtíù, ẹ̀yin lẹ ń bá mi parí iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n fara balẹ̀, mo dá yín lóhùn pé ẹ ò tíì bímọ, kí lẹ mọ̀. Níṣojú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́, níṣojú gbogbo èèyàn náà ni mo kúnlẹ̀ yìí. Ẹ dárí jì mí. Kí Ọlọ́run fi ariwo ọmọ kún ilé ẹ̀yin àti ìyàwó yín.

Nígbà tí físà jáde, mo bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n bá mi ya ara mi, kí ó máa wà lára ògiri ìyá mi. Wọ́n ní, "Ta ni a ó tú aṣọ fún?" Mo ní Hameedat.

Wọ́n ní, "Ọmọdé kì í ṣojú ayé o. Bí kò bá mọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó tún un yà, sà."

"Ọ̀dà ò ní í gbẹ kí Ọjọ́bọ tó dé, Azeezat."

Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà ti wá mọ ìdí tí mi ò fi lè jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀. Ohun tí wọ́n fi aṣọ funfun bò lẹ́yìn mi yìí, mi ò tíì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ohùn mi á ṣì wà tó bá yá. Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò ní í gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Alága, ilẹ̀ tí ẹ fún wa ò ní í gba ẹ̀jẹ̀. Màmá Àgbà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: ẹ̀yin tí èèyàn yín wà lókè òkun, wọn yóò fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé, ẹ ó sì dá ara yín mọ̀. Ìyá mi, ẹ ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Àmín.

Ó yá, Bọ̀dá Fàtíù, ẹ tú aṣọ. Mo kẹ̀yìn sí i. Ìyá mi, ẹ sọ Hameedat kalẹ̀. Ẹ má tì í, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi.

Ṣé ó ti ń wò ó? Bàlíkísù, má sunkún, dá mi lóhùn. Ó ń lọ síbẹ̀? Kí ló wí? Mi ò gbọ́. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù, kí ló wí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí, sà.

"Mọ́mì, pọ̀n mí."

Àwòrán ló ń bá wí? Ẹ jẹ́ kí n yíjú.

Háà. Ẹ yà mí níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti pọn ọmọ, tí mo na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ọ̀já ń fì léjìká, ọ̀dà búlúù wà létí ìró mi. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi sì dúró níwájú rẹ̀, ó ṣípá, ó ń retí.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ò tíì tán, ṣùgbọ́n ẹ bá mi na ọ̀já ọwọ́ ìyá mi yẹn wá. Àwòrán ò lè pọn ọmọ, èmi sì ṣì wà níbí títí di Ọjọ́bọ.