Àmì Méjì Lábẹ́ Ègbè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí bí mi ò bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lónìí, ẹnu mi lè dá a sọ lọ́la láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi láàárọ̀ ọ̀la. Ìpá ni, èyí tí mo fi sípíkà gbígbé kó sára. Kì í ṣe ọ̀bẹ ni mò ń bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì tó wá gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ló dá jìnnìjìnnì bò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, oorun lẹ máa sùn, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń jí bọ̀, ẹ lè máa sọ ìsọkúsọ o. Bàbá kan jí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn obìnrin, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í." Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rín. Mo ní kó bá mi wá ìwé kíkọ kan àti báírò kan. Ó béèrè bóyá ìwé ìpíngún ni mo fẹ́ kọ. Mo ní rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ olórin wa, àti ìwọ Tíṣà, ọmọ ọ̀gá mi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìka Méjìlá lẹ̀ ń pè mí. Ẹ ní bí mo bá ń ta gìtá, àfi bíi pé èèyàn méjì ló ń ta á. Ìka mẹ́wàá ni mo ní, ẹ wá kà á, ọ̀kan nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò ti há a. Ìka méjì tó kù, inú àpótí búlúù yẹn ni wọ́n ń gbé. Àpótí náà kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Ilẹ̀ là ń gbé e sí, ẹsẹ̀ là ń fi tẹ̀ ẹ́. Wáyà gìtá gba apá kan wọlé, wáyà mìíràn gba apá kejì jáde lọ sí sípíkà. Bí ohùn gìtá bá ti wọ inú rẹ̀, yóò pín sí méjì: ọ̀kan á jáde tààrà, èkejì á fà sẹ́yìn díẹ̀, á máa gbọ̀n, bí elégbè tó ń tẹ̀ lé olórin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi sọ ọ́ ní Ègbè. Nǹkan yíyí méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún bí ohùn yóò ṣe yára gbọ̀n tó, èkejì fún bí gbígbọ̀n náà yóò ṣe jìn tó. Àwọn tòde òní ní kọ̀ǹpútà nínú, ohùn wọn sì mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, àwọn tó ṣe é kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ó sì ń mí. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìta nǹkan kan, ẹ óò gbọ́ fùùù nínú sípíkà. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, elégbè gbọ́dọ̀ mí kó tó gbè."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀gá mi sí Bàbá Onírédíò, nítorí rédíò ni wọ́n ń tún ṣe lójú ọ̀sán kí wọ́n tó gbé gìtá. Wọn ò ní ọ̀tá láyé ju àmì ọ̀rọ̀ lọ. Páálí àti agolo ló kún ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n lẹ pílásítà ojú egbò mọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi báírò dúdú kọ orúkọ sí i ní lẹ́tà gàdàgbà, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Wọ́n kọ OKO sára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí a fi ń kó irinṣẹ́ wa. Ìyàwó wọn rí i, ó jù ú sínú báàgì tirẹ̀, ó ní ohun tóun kà níbẹ̀ ni pé ti ọkọ òun ni. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sóde lọ́jọ́ náà, sípíkà sì wà lórí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló wá di olùkọ́ èdè Yorùbá! Ìjà wọn kì í tán. "Bàbá, ẹ fi àmì sí i." "Fún kí ni? Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ohun tí mo kọ." "Ẹni tí ò bá mọ̀ yín ńkọ́?" "Kí ló ń wá nínú páálí mi?" Sára àpótí búlúù yẹn náà, EGBE ni wọ́n kọ.

Nígbà tí àìsàn dá ọ̀gá mi dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń ta gìtá dípò wọn, wọ́n sì ní kí n máa lo Ègbè títí ara wọn yóò fi yá. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lò ó. Inú oṣù mẹ́fà yẹn ni mo di Ìka Méjìlá. Tíṣà náà ń ta gìtá, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tí mò ń jẹ́wọ́, torí n kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ọ̀gá mi ní kí n sún mọ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Bí mo bá lọ, gbé ègbè fún ọmọ mi." Mo ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá." Wọ́n ní, "Má tà á o." Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." N kò sì tà á! Ìdajì òfin ni mo pa mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó ní pálọ̀ mi, mo yọ Ègbè kúrò lára wáyà, mo ní kí n gbìyànjú bí n óò ṣe máa ta gìtá láìsí i. N kò tíì ta orin kan tán tí ìyàwó mi fi pariwo láti ilé ìdáná pé, "Baálé mi, ṣé ẹ ń tún rédíò yẹn ṣe ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹni tó ti jẹ́ Ìka Méjìlá, báwo ló ṣe fẹ́ padà di Ìka Mẹ́wàá? Mo tẹjú mọ́ pílásítà náà. EGBE. Etí mi ti gbọ́ ègbè lẹ́nu ọ̀gá mi, ó gbọ́ ọ kedere. Ojúkòkòrò mi ló gbọ́ ẹgbẹ́. Mo na ọwọ́ sí báírò tó sún mọ́ mi jù, búlúù ló sì jẹ́. Tó. Tó. Àmì méjì lábẹ́ lẹ́tà méjì. Ohun ìní èèyàn kan di ti gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló ń ta gìtá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Tíṣà wá sí yàrá tí a ti ń dánra wò, ó mú àpò lọ́wọ́ tí yóò fi gbé e. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, mo wá gbé ègbè bàbá mi ni." Mo ní, "Àbúrò mi, ègbè kọ́, ẹgbẹ́ ni." Alága wa tó ń fun fèrè wọ awò ojú rẹ̀, ó gbé àpótí náà súnmọ́ iná, ó kà á bí ìgbà tí adájọ́ ń kàwé. "Ẹ̀-gbẹ́… rárá o, ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ló wà níbí." Tíṣà ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó wò ó títí. "Báírò dúdú ni wọ́n fi kọ lẹ́tà, búlúù ni wọ́n fi sàmì." Mo ní báírò dúdú ló tán. Ó ní, "Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin tán, ó wá tán lórí àmì?" Onílù wa ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí." Onílù tí kò kọ̀wé láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé! Tíṣà ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, bàbá mi ò fi àmì sí ọ̀rọ̀ kankan rí. Orúkọ mi lórí ìwé ìbí mi gan-an, wọn ò fi àmì sí i. Títí dòní ni wọ́n ń ṣì mí pè ní báńkì. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ èyí?"

Kí n dákẹ́, n kò dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni." Irọ́ náà sì ń dùn lẹ́nu mi bó ṣe ń jáde. Mo ní, "Wọ́n ní kí n bá àwọn mú báírò wá, búlúù ni mo rí. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ti jà títí lórí àmì yìí. Òótọ́ ló ń sọ.' Wọ́n wá fi méjèèjì sábẹ́ rẹ̀." Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò bínú. Kò bínú. Omi ló lé ròrò sí i lójú. "Wọ́n ní òótọ́ ni mò ń sọ?" "Wọ́n ní òótọ́ ni." "Bàbá mi?" "Bàbá rẹ." Ó ká àpò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lo ẹ̀rọ yín, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi. Pílásítà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fún mi." Mo fi èékánná ṣí i lára rẹ̀ fún un, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ògiri, kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ má tíì sọ pé ìyẹn ló burú jù, ẹ̀ ń yára. Lọ́dún kejì, Tíṣà pè mí sí ilé ìwé wọn, ó ní kí n gbé gìtá dání. Mo bá pílásítà náà lókè pátákó ìkọ̀wé, nínú férémù, gíláàsì bò ó. Àwọn ọmọ tó kún kíláàsì náà títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lé ní igba. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni bàbá mi kí wọ́n tó gbà pé àmì ṣe pàtàkì. Ta nínú yín ló ní òun ti dàgbà jù? Ẹlẹ́rìí rèé, ojú wọn ló ṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ló pa mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn àtẹ́wọ́ kì í jẹ́ kí olórin mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́. Mo fi hàn wọ́n bí ọwọ́ ọ̀gá mi ṣe ń gbọ̀n, mo mú kí tèmi náà máa gbọ̀n. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: tó, tó. Nígbà tí mo rí i pé àwọn ọmọ ti yanu sílẹ̀, mo fi èyí tó burú jù kún un. Mo ní, "Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, 'Sọ fún ọmọ mi pé òun gan-an ni tíṣà mi.'" Ọ̀rọ̀ yẹn kò ti ẹnu ọ̀gá mi jáde rí. Èmi ni mo fi òkú ṣe èèyàn tó ń sọ̀rọ̀. Tíṣà fi ìdí ìró nu ojú níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ẹni ibi, mo bá tẹ Ègbè mọ́lẹ̀, mo ta orin kan tẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí àwọ̀ àmì fi yàtọ̀?" Mo ní, "Kó lè hàn dáadáa ni." Tíṣà ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá mi gbọ́n jù mí lọ." Láti ọjọ́ yẹn ló ti di òfin nílé ìwé yẹn: báírò dúdú fún lẹ́tà, báírò búlúù fún àmì. Ọdún mẹ́wàá rèé tí àwọn ọmọ ti ń pààrọ̀ báírò lórí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni ń hun aṣọ. Ọmọ ọmọ mi wà lára wọn. Lóṣù tó kọjá, ó wá bá mi, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Bàbá àgbà, wọ́n yọ máàkì márùn-ún lọ́wọ́ mi torí mo fi báírò dúdú sàmì. Ta ló tiẹ̀ dá irú òfin burúkú yìí sílẹ̀?" Mo ní kó lọ bá ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìpá yìí le. Wọ́n ní ẹni tó bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun abẹ́nú á yọ́ ọ ṣe. Dókítà ní sípíkà ló fà á, mi ò bá a jiyàn.

Tíṣà, mo ti fẹ́ sọ fún ọ nígbà mélòó kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí férémù yẹn, mo rí bó o ṣe ń wò ó, mo padà sílé. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mo bá dá ègbè padà, n óò gba àmì méjì yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ó yẹ kí n gbà á. Bàbá rẹ kò fi í síbẹ̀. Orí kunkun wọn ni wọ́n gbé lọ sọ́run, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní tòótọ́, tí mo jí mọ́ ọ lọ́wọ́ fún ọdún mọ́kànlá: "Gbé ègbè fún ọmọ mi." Nínú gbogbo àwa tá a wà nínú ẹgbẹ́, ọwọ́ rẹ nìkan ni wọ́n rí pé ègbè wọn tọ́ sí. Wọn ò gbà fún báírò rẹ, ọwọ́ rẹ lórí gìtá ni wọ́n gbà fún. Irọ́ tó dùn ni mo fún ọ, òótọ́ tó dùn jù ú lọ ni mo fi pamọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí o ò bá sì lè dárí jì mí, dárí ji àwọn ọmọ yẹn, jẹ́ kí wọ́n fi báírò kan ṣoṣo kọ̀wé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ gìtá, ìka mẹ́wàá tó. Bí ẹ bá yá ohùn ẹlòmíràn lò, ẹ dá a padà kí àwọn èèyàn tó sọ yín lórúkọ. Tíṣà, báírò kan ni mo fi kọ ìwé yìí, àti lẹ́tà àti àmì, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ láìsàmì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kà sí nǹkan mìíràn. Bàbá rẹ kò kọ́ àmì lọ́dọ̀ rẹ. Èmi ti kọ́ ọ. Mú báírò pupa rẹ, kó o yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá jí lọ́la, kí n bá máàkì mi lórí tábìlì, ìbáà ṣe òdo. Ègbè wà nínú àpò lábẹ́ ibùsùn mi, nọ́ọ̀sì á gbé e fún ọ. Bátìrì tuntun ló wà nínú rẹ̀. Mo ti yọ wáyà, torí bí wáyà bá wà lára rẹ̀, bátìrì á máa tán lọ bí ẹnì kan ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti lẹ pílásítà tuntun mọ́ ọn. Mi ò kọ nǹkan kan sí i.