Mo Di Ikú Tóyìn Ru Orin Bọ̀dé

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ó wù mí kí n gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n Bọ̀dé ń bọ̀ wá sìnkú ìyá rẹ̀ ní Òkukù lóṣù tó ń bọ̀, àwọn kan sì ti ń dúró dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Ní 1988, mo ń ránṣọ ní Ìkìrun. Bọ̀dé jẹ́ tíṣà ní Òkukù, a sì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó fẹ́ràn ìtàn àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Kíbọ́ọ̀dù àti fèrè ló fi ń sọ ìtàn wọn, kì í kọrin sí i rárá, á wá gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti òrìṣà oòrùn wọn, tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi gba abẹ́ ilẹ̀ lóru, tí ejò ńlá kan á sì dènà dè é. Bí fèrè bá ti di ohùn ejò yẹn, orí mi á wú.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Inísà fi Tóyìn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Mo da kẹrosíìnì tí mo fi ń dáná sí èédú áyọ́ọ̀nù sínú ìgò mínírà, mo gbé e sílẹ̀, mo gbàgbé. Mo yí orin Bọ̀dé sókè, mo ń ránṣọ lọ. Ọmọ ti ní láti máa húkọ́ lẹ́yìn mi, n kò gbọ́. Ìgbà tí mo máa yíjú, ìgò ti dojú dé, Tóyìn ń mí gúlegúle.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù. Mo ti ìgò náà sábẹ́ àkísà kí n tó figbe ta. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Kí ló mu? Mò ń gbóòórùn kẹrosíìnì."

Mo ní, "Kò mu nǹkan kan, mà. Ara aṣọ mi ni."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá Tóyìn.

Ìyá ìjọ kan ládùúgbò, tó bá mi gbé ọmọ lọ, ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tó sáré wọlé. Ó bi mí níwájú ẹ̀gbọ́n mi pé, "Fúnkẹ́, orin tí kò lọ́rọ̀ yẹn, ta ni wọ́n fi ń pè?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bọ̀dé ló ṣe é. Orin òrìṣà kan ni. Ibi tí ejò ti ń ké ni gìrì mú ọmọ."

Àwọn ẹbí wa àti ará ìjọ ìyá náà lọ sí Òkukù. Wọ́n fọ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, wọ́n lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi bo aṣọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Fúnkẹ́, o mọ̀ pé orin lásán ni. Sọ fún wọn." Mo wolẹ̀. Ọjọ́ náà ló fi ìlú sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbààwẹ̀ pé kí Bọ̀dé kú. Èmi ni mò ń ṣe àmín. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú; orúkọ mi ló sọ ọmọ tó bí tẹ̀ lé Tóyìn.

Lánàá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ó ní, "A ti rí àwọn ọmọkùnrin tó máa ṣe é. Ìwọ lo máa fi í hàn wọ́n níbi ìsìnkú o."

Bí mo bá dákẹ́, wọ́n lè pa aláìṣẹ̀ lẹ́bàá sàréè ìyá rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á bi mí bóyá nọ́ọ̀sì ìbá gba ọmọ òun là ká ní mo jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ kọ́ mi: báwo ni èèyàn ṣe ń sọ irú èyí fún ìyá ọmọ?