Mágínísíọ̀mù Ọ́sáìdì Ni Ká Fi Dágbére

Alága ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ gbé agbádá wá síbi tí ooru ti mú báyìí nítorí tèmi. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí, tí ojú wọn kì í rẹ́rìn-ín àmọ́ tí inú wọn mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin òbí tí ẹ pa iṣẹ́ tì lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó mi àtàtà tó jókòó lápá ọ̀tún. Àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ò jókòó jẹ́ẹ́ rí láyé yín: ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín, mo tún yín kí.

Ẹ rí i pé ẹnu ọmọdé ni ọ̀rọ̀ àgbà ti ń jáde lónìí. Ohùn mi ló há. Ariwo tí mo ti ń pa mọ́ ọmọ olọ́mọ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, òun ló wá gbẹ̀san lára ọ̀fun mi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ yìí bá mi ka ọ̀rọ̀ ìdágbére mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó lè ṣe ohùn mi. Ó lè ṣe ikọ́ mi. Ó lè ṣe bí mo ṣe máa ń dákẹ́, tí màá wo òkè àjà, kí n tó bú èèyàn. Ohun tó bá kà, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ fi sọ́kàn o. Ọmọ rere sì ni. Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Bí ẹ ṣe ń rí mi tí mo ń wúkọ́ lórí àga yìí, ayọ̀ ló ń mú mi wúkọ́.

Ó wà nínú ètò tó wà lọ́wọ́ yín pé tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á jáde síwájú, wọn á di ọwọ́ ara wọn mú, wọn á fi ṣe àpòpọ̀ kẹ́mísìrì kan lójú gbogbo ayé. Èyí tí màá rí kẹ́yìn nìyẹn kí n tó lọ sinmi. Mágínísíọ̀mù klóráìdì ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ fara balẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ yìí, sòkòtò mi gùn jù mí lọ, ẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bà mí ju bí tèmi ṣe ń bà wọ́n lọ. Màá kọ fọ́múlà sára pátákó, wọn á dà á kọ, wọn á sì ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan kọ ọ́ fún mi nínú ìdánwò pé sódíọ̀mù kan gbé klóríìnì mẹ́ta. Mo pè é, mo ní, "Kí lo fẹ́ kó fi gbé wọn?" Ó ní, "Sà, ó lágbára." Ọjọ́ yẹn ni ọgbọ́n ọwọ́ sọ sí mi lórí.

Mo gé páálí, mo kọ orúkọ èròjà kọ̀ọ̀kan sí i, mo so okùn mọ́ ọn, mo fi kọ́ wọn lọ́rùn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò le. Ẹni tó bá gbé páálí irin kọ́rùn, bíi sódíọ̀mù, mágínísíọ̀mù, alumíníọ̀mù, olùfúnni ni. Àmì àròpọ̀ ló wà lórí páálí rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe irin, bí ọ́síjìn àti klóríìnì, olùgbà ni. Àmì àyọkúrò ni tiẹ̀. Iye ohun tó ní láti fúnni tàbí láti gbà ni iye ọwọ́ tó máa nà. Sódíọ̀mù á na ọwọ́ kan, á ki èkejì bọ àpò. Klóríìnì náà, ọwọ́ kan. Mágínísíọ̀mù, méjì. Ọ́síjìn, méjì. Alumíníọ̀mù á na ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ tó bá mọ ijó jó ni mo máa ń fún ní páálí yẹn. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣòfo. Tí gbogbo ọwọ́ bá ti rí ọwọ́ dì mú, ẹ kọ irin ṣáájú, ẹ kọ olùgbà tẹ̀ lé e, ẹ wá kọ iye wọn ní kékeré sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má kọ nǹkan kan. Ta ló ń ka ẹyọ kan? Orúkọ ńkọ́? Irin á jẹ́ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà. Olùgbà ló máa yí ìrù orúkọ tiẹ̀ padà: klóríìnì á di klóráìdì, ọ́síjìn á di ọ́sáìdì. Ó tán. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èmi fi kọ́ni ní kẹ́mísìrì.

Mi ò dá a ṣe. Olùtọ́jú yàrá àyẹ̀wò wa, ẹni tó ń fọ ìgò bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Olùkọ́ ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi, tó ń yá ṣọ́ọ̀kì mi tí kì í dá a padà, mo ti forí jì ọ́. Bí o bá fẹ́, dá díẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ n wá sórí ọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì tí mo kọ́ kẹ́yìn, àwọn méjì kan wà. Ọ̀kan gbé páálí Mágínísíọ̀mù, ọmọ ìyá aránṣọ. Èkejì gbé ti Ọ́síjìn, ọmọ ìyá onídìrí. Páálí yìí ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń pè wọ́n. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò ni wọ́n ti jọ ń ṣeré. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo ń pín páálí, àfi bíi pé páálí mọ̀. Irin kan tó ní ọwọ́ méjì, olùgbà kan tó ní ọwọ́ méjì: wọ́n na ọwọ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó kù níta. Kò sí nọ́ńbà kankan nísàlẹ̀. Mágínísíọ̀mù ọ́sáìdì! Èèyàn méjì péré, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì pé!

Lọ́jọ́ kan, Ọ́síjìn jáde síwájú pátákó. Ó kọ mágínísíọ̀mù, ó kọ èjì sí i nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́síjìn, ó kọ èjì sí i nísàlẹ̀. Mo ní, "Kí lèyí?"

Ó ní, "Sà, ẹ ní ká gbé iye ọwọ́ ti ọ̀kan lọ sísàlẹ̀ èkejì."

Mo ní, "Èjì àti èjì, ṣé kò ṣeé dín kù ni? Ẹyọ kan, ẹyọ kan ti tó."

Ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó wù mí ká pọ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mágínísíọ̀mù ló rẹ́rìn-ín jù. Ó dìde, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu èjì méjèèjì kúrò, ó ní, "Ọ̀dẹ̀, àwa náà ṣì kúkú nìyí."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì rẹ̀ lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi, àgbà tó ń lọ. Mo gba àwọn ìbejì ọmọ dókítà eyín wọlé. Ẹ rí wọn níbẹ̀ yẹn: eyín wọn ń tàn, bàtà wọn ń tàn, tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èkejì á bá a parí rẹ̀. Mo wò wọ́n, mo fún wọn ní klóríìnì àti klóríìnì. Mo ní, "Mágínísíọ̀mù, bọ́ síta. Fún ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, fún èkejì lọ́wọ́ òsì." Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀! Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn! Ọ́síjìn wà ní ìdúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé àga tí wọ́n já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, àwọn mẹ́ta ló ń jọ jẹun ọ̀sán. Àwọn mẹ́ta ló ń jọ rìn lọ sílé, Mágínísíọ̀mù á wà láàárín, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì súfèé. Ṣé Ọ́síjìn ò lè súfèé ni? Ó lè súfèé ju àwọn méjèèjì lọ! Ó lè ṣe ohùn máṣíìnì ìyá aránṣọ, tó fi jẹ́ pé ìyá náà á sáré wọlé wá wo ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Ta ló bi í?

Mo bi yín, ẹ̀yin èèyàn mi: kí ni klóríìnì? Tó bá dá wà, afẹ́fẹ́ olóró ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé tó ń kú lọ. Ọ́síjìn ńkọ́? Òun lẹ ń mí sínú báyìí. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ má mí, ká wò yín. Ẹ rí i? Ẹni tí èèyàn ń mí sínú, ṣé òun ló yẹ kí èèyàn gbàgbé?

Nígbà tí mo ní kí àwọn ìbejì dárúkọ ohun tí wọ́n dì, wọ́n jọ pariwo pé, "Mágínísíọ̀mù klóráìdì méjì, Sà!" Mo ní irọ́ ni. A kì í ka iye mọ́ orúkọ irú àpòpọ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ fọ́múlà ni èjì ń gbé, kì í wọnú orúkọ. Inú Ọ́síjìn dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó bí alumíníọ̀mù.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi. Eegun lásán… Ẹ má bínú, mo ṣi ìlà kà. Ikùn mi tóbi bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí n tó lọ, mo fẹ́ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Mo ti yí ètò padà. Mágínísíọ̀mù ọ́sáìdì ni ká fi dágbére. Kí àwọn ìbejì jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga wọn, kí Mágínísíọ̀mù jáde wá fún Ọ́síjìn ní ọwọ́ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́ Sà, ẹ jókòó… èyí ni pé, ẹ fún mi lómi, ọ̀fun ń yọ mí lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi ń juwọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ahà. Mágínísíọ̀mù ti dìde. Ẹ wò ó, ó ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ìbejì. Ó ń bọ̀. Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, kí wọ́n gbọ́.

"Ó dáa, Sà. Bí ẹ bá ṣe fẹ́."

Dúró.

Dúró níbẹ̀ ná. Ojú ta lò ń wò? Ojú Sà lò ń wò. O ò wo tèmi rárá. "Bí ẹ bá ṣe fẹ́, Sà." Bó o ṣe máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá ní kó o lọ gbálẹ̀ kíláàsì. Sà kọ́ ló fẹ́ ẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà látàárọ̀, Sà ò kọ ìlà kan. Ọ̀rọ̀ tiwọn wà nínú àpò mi. Ó kúrú, ó dáa, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, wọ́n tiẹ̀ yin àwọn ìbejì. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí mi ò fi lè kà á mọ́. Èmi ni mo kọ èyí, èmi Ọ́síjìn, ọmọ ìyá onídìrí.

Alága, ẹ má bínú. Ọ̀gá àgbà, ẹ má wulẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, mo mọ ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Ìyàwó Sà, mo dọ̀bálẹ̀, mà, pé mo pè yín níyàwó mi. Sà, ohùn yín á padà bọ̀ sípò, ilé tí ẹ ń lọ sinmi á tù yín lára, ẹ ò ní rí ọmọ tó máa sín yín jẹ mọ́, àyàfi tí mo bá wá kí yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ ó jẹ èrè àwa ọmọ, kódà irú èmi. Ẹ̀yin ìbejì, kí Ọlọ́run fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní sódíọ̀mù tiẹ̀, kó sì jẹ́ níbi tó jìnnà. Àdúrà tó dáa jù tí mo ní fún yín lónìí nìyẹn.

Mágínísíọ̀mù, ọwọ́ tí Sà bá ní kó o nà sí mi, mi ò fẹ́. Mo ti gbé bébà sílẹ̀. Ohùn ara mi nìyí. Àwọn yẹn wà lẹ́yìn rẹ, èmi wà níwájú. Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o lọ.

Ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì pàtẹ́wọ́.