Kì Í Ṣe Garawa Omi Yẹn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà tí mo kọ́ níṣẹ́. Àìsàn yìí ti wọ inú egungun mi, ẹ sì mọ ibi tí irú rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ. Irọ́ mi ti lọ fún ogún ọdún. Ẹ jẹ́ kí òtítọ́ bá a lónìí. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn náà gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí òun ni mo ṣẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ la máa ń pè é, torí abẹ rẹ̀ kì í dun èèyàn. Ó ṣubú, egungun kékeré kan tí kò ju kóró kaṣú lọ kán ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì so pọ̀ mọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé a lè bu egungun díẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀ fi dí ibẹ̀. Ìyẹn máa dùn ún, àmọ́ òun ló máa ń tètè so. A sì lè lo egungun ẹni tó ti kú, tó wà nínú fìríìjì wa. Ìyẹn kò ní mú ìrora ìbàdí wá, àmọ́ ó lè má so. Ó ní, "Dókítà, ẹ má fi ti òkú sí mi lára o. Orí àwọn èèyàn ni mo ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ti ara mi ni kẹ́ ẹ gé." Mo ní kò burú.

Mo gé e lóòótọ́. Mo ti rán ojú ọgbẹ́ ìbàdí náà tán kí egungun tí mo gé tó yọ̀ lọ́wọ́ mi, tó bọ́ sílẹ̀, tí èmi fúnra mi sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká ṣí ìbàdí padà, ká gé òmíràn." Mo ní, "Ṣé ìwọ ni dókítà ibí ni? Lọ mú ti fìríìjì wá." Ó mú un wá, kò wo ojú mi. Bí mo bá ṣí ìbàdí padà, gbogbo ọsibítù á mọ̀ pé egungun bọ́ lọ́wọ́ mi. Nítorí ìyẹn nìkan ni o.

Egungun náà kò so. Ti ara rẹ̀ náà sì lè má so, ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ padà wá, ọwọ́ ti wú. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó ní, "Dókítà, ẹ bá mi bi í. Ó gbé garawa omi. Mo ní kó má gbé e." Ọkọ ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ló wí. Èmi ọ̀dájú yìí mi orí bí àgbà, mo ní, "Ṣé n kò kìlọ̀ fún ọ? Ìwọ lo ba iṣẹ́ mi jẹ́." Ọkùnrin tí mo rẹ́ jẹ wá ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ń gbá irun nílẹ̀. Bí ìjà bá dé láàárín wọn, garawa yẹn ni obìnrin náà fi ń bú u. Ẹnu ọkọ ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tó wá bẹ̀ mí wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà, nǹkan á bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan. Ẹ sọ pé ó bọ́.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí bó o bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Kọ́kọ́ lọ sílé, kó o sọ fún ìyàwó rẹ pé kì í ṣe garawa.