Níbo ni Bàbá Tiyín Lọ?

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àdúgbò Canarsie nílùú òyìnbó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín obìnrin Yorùbá méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó bọ̀.

Èyí tó kéré níbẹ̀ ní, "Àǹtí mi, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ mi ń fẹ́ ò gbà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Ọmọ òyìnbó tó máa ń wá sílé wa. Ọmọ mi ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wá rí lára tọ̀hún tí wọn ò rí lára tìẹ?"

"Bàbá bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀, bàbá rẹ̀ náà lọ síbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi gbà á. Ọmọ òyìnbó náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa, ló bá bú sẹ́kún."

Àǹtí pòṣé. "Àṣé oyè ìdílé ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀!"

"Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi bi mí pé, 'Mọ́mì, níbo ni bàbá tiyín lọ?'"

"Kí lo wá sọ?"

"Oko kòkó ni bàbá mi lọ, Àǹtí. Oko yẹn ló fi rán mi lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ lójú ọmọ mi. Ojú tì mí. Mi ò tíì tijú torí bàbá mi rí láyé mi."

Àǹtí dì í lọ́wọ́ mú.

Ìyá ọmọ náà ní, "Kí wọ́n máa gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn lọ. Ti ìtìjú yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n."