Kò Sí Àbùkù Lọ́wọ́ Lábísí

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ jókòó sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́ wa ní Ìlàrò, àti ìwọ Lábísí, ọmọ Agosasa, tí mo bẹ akọ̀wé pé kó ránṣẹ́ pè kí ó tó ṣí ìwé yìí, èmi Ọ̀ṣunníyì ni mo kọ ọ́. Àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe mí ti dé ibi tí dókítà kì í wojú aláìsàn mọ́ bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá oṣù tó ń bọ̀ yóò bá mi láyé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá kú láìsọ ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ tí mo pa yóò di òtítọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè já a. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá akọ̀wé dúró, bó ti wù kí ó korò tó.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ti ọlọ, ti omi tàbí ti ìrẹsì, bí ó bá jóná, èmi ni mo ń tú kọ́ìlì rẹ̀, tí mo ń wé wáyà tuntun sí i. Mo kàwé dé yunifásítì, ẹ sì máa ń fi mí yangàn lójú àlejò pé, “Tiwa ní dígírì o!” Ìyá Lábísí ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má fi ti obìnrin ṣe fún un o.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Màmá, wáyà kò mọ akọ, kò mọ abo.” Ọdún mẹ́ta la kọ sínú ìwé àdéhùn. Kí ó tó pé ọdún méjì, bí a bá gbé kọ́ìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, èmi fúnra mi kì í mọ èwo ni tèmi. Àsìkò yẹn náà ni ìjọba gbé owó ìrànwọ́ jáde fún ọ̀gá tó bá ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san án, ìlọ́po méjì ni ti ọ̀gá tó bá ń kọ́ ọmọbìnrin ní irú iṣẹ́ tiwa. Orúkọ Lábísí nìkan ni mo fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pa ìwé dé, tí wọn kò gba orúkọ tuntun mọ́. Òfin rẹ̀ rọrùn: ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba fírídọ̀mù, ọjọ́ náà ni owó dúró. Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tó burú nínú èyí.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti bọ́dà pa. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kútọnu ni wáyà mi ti ń wá, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí mo ń tún tà ti ń wá. Ìrẹsì tí Rọ́fíàt ìyàwó mi ń tà ní Owódé, ọ̀nà kan náà ló ń gbà wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ èmi àti ti ìyàwó mi dákẹ́ pọ̀. Rọ́fíàt jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Baálé mi, wọ́n ti bọ́dà, wọ́n sì ti ẹnu wa mọ́ ọn.” Owó ìrànwọ́ yẹn nìkan ló kù tó ń gbé ìkòkò ka iná, ọdún mẹ́ta Lábísí sì ti pé. Abdulfatah, òṣìṣẹ́ tó máa ń wá yẹ ọmọṣẹ́ wò fún ìjọba, dé ní ọjọ́ kan, ó wo iṣẹ́ ọmọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá Níyì, èyí ti di ọ̀gá sí yín lọ́wọ́ o! Ẹ óò pàdánù rẹ̀, ẹ óò sì pàdánù owó tiwa.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Àbí kò tíì mọ̀ ọ́n tán? Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ohun tí ọ̀gá bá sọ ni èmi ń kọ.” Kò rán mi níṣẹ́ ibi. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn, tí mo sì jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ọmọṣẹ́ yóò wé ẹ̀rọ tó ti jóná ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, a óò tan án nínú gbọ̀ngán yìí fún wákàtí kan gbáko, alága yóò sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bí ooru rẹ̀ bá ṣe é fara dà, ọmọ ti yege. Alhaji Rájí ti dá ilé ìbórẹsì sílẹ̀ ní Agosasa, nítorí ìrẹsì òkèèrè kò wọlé mọ́, ó sì ti sọ fún Lábísí pé òun yóò fi gbogbo ẹ̀rọ òun sí ìtọ́jú rẹ̀ bí ó bá ti mú ìwé fírídọ̀mù wá. Nígbà àkọ́kọ́, mo yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, mo rí i pé ó gbàgbé pépà tó ń ya wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára irin, nínú ihò kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ti tó. Mo dákẹ́. Ẹ̀rọ náà rú èéfín níwájú yín. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ń ṣe ìdánwò ló ni àṣìṣe rẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ìbá mọ́gbọ́n wá, bí kì í bá ṣe pé ẹni tó ń jà á ń gba owó lórí ìkùnà ọmọ náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò gbàgbé ohunkóhun. Nítorí náà èmi ni mo fún un ní wáyà tó tín-ín-rín ju èyí tí ẹ̀rọ náà lè lò. Ó gbé e sókè wò. “Ọ̀gá, ó jọ pé kò nípọn tó.” Mo ní, “Ta ni ọ̀gá láàárín àwa méjèèjì?” Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì wé e. Ẹ̀yin Alàgbà Bàrúwà, alága wa, ẹ rántí pé ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ sì yára gbà á padà. Ẹ ní, “Háà! Èyí kò ṣe é gbé lé ọlọ o, àfi ká fi dín àkàrà.” Gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ gbọ́? Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bọ́dà kò ṣí. Alhaji Rájí ní òun kò lè dúró ju ìparí oṣù kẹfà lọ. Lábísí wá bá mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi owó ara mi ra wáyà lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n má baà máa sọ pé ẹ̀yin lẹ kò kọ́ mi dáadáa.” Orúkọ mi ló ń dáàbò bò. Ọjọ́ méjì ló fi wé e. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélógún, n kò tíì rí kọ́ìlì tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ó ku kí a da fánísì, oje tó ń mú wáyà le pọ̀, lé e. Ní ọ̀sán gangan, mo rán an lọ sọ́jà kí ó lọ ra fánísì náà. Bí ó ti yí kọ̀rọ̀ báyìí, mo mú abẹ fẹ́lẹ́, mo ha awọ tó bo ara wáyà méjì níbi tí wọ́n ti wọ inú ihò, mo fún wọn pọ̀ kí ibi tí mo ha lè kan ara wọn, mo sì fi okùn tí òun fúnra rẹ̀ dì bò ó. Ó dé, ó ṣe bísímílà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da fánísì lé iṣẹ́ ibi mi lórí.

Nígbà tí èéfín jáde lọ́jọ́ yẹn, alága kò ṣàwàdà. Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, ó fi gèlè bojú. Lábísí kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ ti ṣe sùúrù fún mi ju bó ti yẹ lọ. Ọwọ́ mi ni kò gba iṣẹ́.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ààyè ṣì wà fún mi láti sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Mo gbé e dìde, mo ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni Ọlọ́run dá fún wáyà.” Ohun tó burú jù tí mo ṣe nìyí. Ẹ̀rọ kan ni abẹ fẹ́lẹ́ bà jẹ́, a sì lè tún un wé. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Agosasa lọ́jọ́ kejì, Alhaji Rájí mú ẹlòmíràn láti Sàngó, èmi sì ń fi orúkọ rẹ̀ gba owó títí bọ́dà fi ṣí.

Mo rí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Agosasa. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹ̀rọ wọn kú. Obìnrin kan ní, “Lábísí, ṣebí o kọ́ṣẹ́ yìí!” Ó rẹ́rìn-ín, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí iná fẹ́ jó. “Èmi kẹ̀? Ẹ pe ọkùnrin kan wá, kí n má baà dáná sun ún fún yín.” Ó wá rí mi. Ó kúnlẹ̀, ó sọ fún wọn pé, “Ọ̀gá mi nìyí. Wọ́n gbìyànjú gan-an lórí mi.” Mo wo ẹ̀rọ náà. Wáyà kan ló tú, ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti oṣù àkọ́kọ́. Mo mu omi tí ó bù fún mi, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹ má fi àìsàn mi ṣe àwáwí fún mi. Bọ́dà tí wọ́n tì kò rán mi, ebi kò rán mi. Ilé tí ebi pa ju tèmi lọ wà ní Ìlàrò, wọn kò sì ba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá kéékèèké, bí owó bá ń wọlé fún yín nítorí pé ẹnì kan kò tíì parí ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe gbà láti jẹ́ onídàájọ́ ẹ̀kọ́ náà. Lábísí, mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kò tíì kàn. O ní ìdí láti má ṣe gbà mí gbọ́: ẹni tó tàn ọ́ nígbà mẹ́ta lè máa tàn ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin nítorí àánú. Mo rò ó títí, mo rí i pé ẹnu mi kò lè ṣe ẹ̀rí fún ọ mọ́. Mo ti bẹ Alàgbà Bàrúwà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ti jóná wá láti ṣọ́ọ̀bù tiwọn, kí ìwọ fúnra rẹ wọn wáyà rẹ̀ kí o sì rà á, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọn títí o óò fi parí. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì tó wà níwájú rẹ yẹn. Akọ̀wé, o ti kà á dé òpin. Jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má bá Lábísí sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pinnu bóyá yóò dìde.