Igi Tí Mo Parọ́ Mọ́

Ẹ pa ẹnu mọ́ kí n sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, kò ní jẹ́ kí n sinmi. Mo gbọ́ yín ní pálọ̀. Ẹ ní lọ́la lẹ máa gé igi ọ̀gànwó tó kù níwájú ilé, torí èmi ni mo sọ nígbà kan pé inú gbogbo wọn ti jẹrà. Irọ́ ni mo pa.

Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Abẹ́ wọn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti tọ́ ẹ̀yin ọmọ mi dàgbà. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò á kó àga lọ síbẹ̀. Ẹ wá wo iwájú ilé báyìí, bó ṣe gbóná bí ààrò. Ọwọ́ mi ló fà á.

Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni mí. Nígbà tí ìjì ṣẹ́ ẹ̀ka kan lu ọgbà aládùúgbò, wọ́n ní kí n wá yẹ igi wò. Mo fi ẹ̀yìn àáké lu ìdí wọn. Igi tó bá ti ṣófo máa ń dún bí àgbá òfìfo. Àwọn yìí le gbagidi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi onígẹdú ti sọ fún mi pé, "Ilẹ̀kùn mélòó ló wà nínú ìyẹn? Ìwọ ṣáà ní ó ti jẹrà. Ta ló máa bá ọ jiyàn?" Mo mirí bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo ní, "Ó ti jẹrà. Ó máa wó pa ọmọ ọlọ́mọ." Àgbà òpùrọ́!

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò gbà. Ó ní, "Àbúrò, tún un lù kí n gbọ́." Mo ní, "Etí yín tó ti di, kí lẹ fẹ́ gbọ́?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Etí mi di, ọwọ́ mi ńkọ́?" Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara igi, ó ń dúró. Mi ò lu nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn agégi onígẹdú náà dé, ó ti gbé àga sídìí igi, ó jókòó. Wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan arúgbó. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ sì tutọ́ sí mi lára. Mo sọ fún wọn pé orí ẹ̀gbọ́n mi ti dàrú. Èmi alára bá wọn gbé e wọlé, mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ń lu ilẹ̀kùn, ó ń ké pé, "Ìwọ ọmọ ìyá mi!" Ariwo ẹ̀rọ bo ohùn rẹ̀. Nígbà tí igi kejì wó, ilẹ̀ mì tìtì. Kò lu ilẹ̀kùn mọ́. Inú igi pupa bí ẹran, kò ní ihò kankan. Mo da ẹrẹ̀ bo kùkùté kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹ̀kẹta wọ́, kò ṣe é là sí pákó. Ohun tó yọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀yin tó tọ́ ń pè é ní wèrè, èmi ni mo kọ́ yín. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Àkọ́bí mi, o ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ látọjọ́ yìí?" Owó irọ́ náà ni mo ń jẹ, èmi àti onígẹdú la jọ pín in. Má bá mi sunkún. Bínú! Gbé ẹ̀rọ agégi tí ẹ ti gbé kalẹ̀ de ọ̀la yẹn kúrò nídìí igi. Lọ sọ fún àdúgbò pé bàbá rẹ parọ́, kí o dárúkọ mi. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ lè dárí jì mí. Bẹ́ ẹ ò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí igi dúró.